"I'm good" yẹn, kò fẹ́ ni o

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bi ọ̀gá yín pé ṣé kẹ́ ẹ bá a gbé omi wá, tó ní "I'm good", tẹ́ ẹ wá dúró síbẹ̀ tẹ́ ẹ̀ ń ronú, ẹ jókòó jàre, kò fẹ́ ni. Èmi, iṣẹ́ mi ni kí n máa dá kọ́sítọ́mà lóhùn lórí chat, àwọn ará Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ojú mi sì ti rí tó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tẹ́ ẹ sọ ṣáájú ni kẹ́ ẹ wò. Tẹ́ ẹ bá kí i ni, ó ń sọ pé àlàáfíà lòun wà. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ní kẹ́ ẹ fún un ní nǹkan àbí kẹ́ ẹ ràn án lọ́wọ́, ó ń fẹnu dídùn kọ̀ ọ́ nìyẹn, "I'm fine" àti "I'm okay" náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tó bá wá fi "nah" ṣíwájú ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ rọ̀ ọ́ mọ́.

"With" ló máa ń da gbogbo ẹ̀ rú. "I'm good" lásán, kò fẹ́, "I'm good with that", ó ti gbà pátápátá. Mo bi obìnrin kan nígbà kan pé ṣé kí n dá owó ẹ̀ padà àbí kí n fi ọjà míì ránṣẹ́, ó ní "I'm good with the refund", ẹni tó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn rí "I'm good" ó bá ti chat pa, ó ní kọ́sítọ́mà ò fẹ́ nǹkan kan mọ́. Nígbà tí obìnrin yẹn máa padà wá, orí ta ló da ìbínú ẹ̀ lé? Èmi ni ṣá.

"You're good" tún wà. Tẹ́ ẹ bá ní "sorry" tó sì fi ìyẹn dá yín lóhùn, kò yìn yín o, ó ní kò sí wàhálà ni. "Are we good?" lẹ́yìn ìjà, ó ń bi yín pé ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nínú yín. "I'm good for it" ní tiẹ̀, ẹni tó fẹ́ yáwó ló máa ń sọ ọ́, pé òun á san án (ẹ ṣọ́ra).

Lórí chat tí mi ò ti gbóhùn èèyàn, tí kò bá yé mi, mo máa ń bi wọ́n tààrà ni: "So that's a no?" Kò sẹ́ni tó tíì bínú sí mi torí ẹ̀.