Fídíò kò gbọ́ ohun tí àwa gbọ́

Àbúrò mi tó ní òun wo fídíò àwọn drum corps Amẹ́ríkà (ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń fọn fèrè, tó ń lulù, tó sì ń yan lórí pápá fún ìdíje) ti àwọn ọdún 1980, tó ní ìró wọn ń fọ́ létí òun, tó wá ń béèrè ohun tí àwa tó bá wọn yan nígbà náà rí tí a kò fi lè gbàgbé, mo ti ka ọ̀rọ̀ rẹ. Ibi tí o ti sọ pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ, òótọ́ ni. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń jó, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ lórí pápá, fèrè kò sì kúrò lẹ́nu wọn. A kò dán irú rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n máìkì ayé ìgbà náà ló ń fọ́ nínú fídíò yẹn, kì í ṣe fèrè.

Ọmọ Boys' Brigade ni mí ní Ìbàdàn kí n tó lọ bá àbúrò bàbá mi ní Illinois. Fèrè tí à ń fọn nílé kò ní bọ́tìnì tí ìka ń tẹ̀ láti yí ohùn padà, ètè ni èèyàn fi ń wá ìwọ̀nba ohùn tó wà nínú rẹ̀. Soprano, fèrè ohùn òkè, tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ nínú drum corps lọ́hùn-ún ní bọ́tìnì méjì, kíì G sì ni gbogbo fèrè ẹgbẹ́, títí dé contrabass, fèrè ńlá ohùn ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń gbé léjìká. Àwọn ológun tó ti ogun bọ̀ ló fìdí irú ẹgbẹ́ yìí múlẹ̀, fèrè ológun ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni òfin fi le lórí fèrè fún ìgbà pípẹ́. Ọdún 1990 ni bọ́tìnì kẹta tó wọlé. Ní 2000 ni wọ́n tó gba fèrè kíì mìíràn láàyè, ẹ̀rọ gbohùngbohùn dé ní 2004, ohun èlò oníná tẹ̀lé e ní 2009.

Tí o bá ro ìyẹn dáadáa, wàá rí i pé ohunkóhun tó bá dé etí ẹni tó jókòó lókè pátápátá nígbà tiwa, èémí àti ọwọ́ ọmọ èèyàn ló gbé e débẹ̀. Ènìyàn 128 ni òfin gbà fún ẹgbẹ́ kan, bí ìdajì wọn ló ń fọn fèrè. Àkókò kan máa ń wà nínú eré tí gbogbo onífèrè á tò sí ìlà kan gbọọrọ, wọ́n á kọjú sí àwọn èèyàn, wọ́n á wá máa yan bọ̀ tààrà, ìró náà á sì máa pọ̀ sí i ní gbogbo ìṣísẹ̀. Fèrè G mú, ó sì ní agídí. Ó máa ń dé àyà kó tó dé etí. Mo ti rí àwọn ìyá àgbàlagbà tí wọ́n dìde nàró láìmọ̀ pé àwọn ti dìde.

Ẹgbẹ́ tiwa kò sí lára àwọn méjìlá tó ń dé alẹ́ àṣekágbá ìdíje ọdọọdún, nítorí náà orí ìjókòó ni mo wà ní Arrowhead Stadium, Kansas City, ní 1988. Santa Clara Vanguard, ẹgbẹ́ kan láti California, ti gba ipò kejì ní 1985, 1986 àti 1987. Gbogbo wa gbà pé ọdún tiwọn ló dé. Madison Scouts, ẹgbẹ́ Wisconsin tó jẹ́ ọkùnrin nìkan nígbà náà, wá fi Malagueña, orin Ernesto Lecuona ọmọ Kúbà, gba ife náà. Mi ò tíì gbọ́ ariwo èèyàn tó bò fèrè mọ́lẹ̀ rí, àfi ti alẹ́ yẹn. Vanguard tún ṣe ipò kejì. Wọ́n padà wá sí pápá kan náà ní 1989, wọ́n sì gbà á. Tí o bá wo fídíò 1989 láìmọ ọdún mẹ́rin tó ṣáájú rẹ̀, ìdajì rẹ̀ lo wò.

Ohun kan tún wà tí àwọn ọ̀dọ́ kì í mọ̀. Títí di 1983, àwọn adájọ́ máa ń rìn láàárín àwọn tó ń yan, tìwé-tìwé, àṣìṣe kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá rí ni wọ́n ń yọ ìdá mẹ́wàá máàkì kan fún. Ẹ̀rù àṣìṣe yẹn ló jẹ́ kí ìlà àwọn ẹgbẹ́ ayé 1970 dúró ṣánṣán bẹ́ẹ̀. Garfield Cadets, ẹgbẹ́ kan láti New Jersey, ti ń tẹ ìlà yẹn po kí irú ìdájọ́ náà tó dópin. Àwòrán ìyan tí George Zingali yà fún wọn ń yí, ó ń ṣàn, wọ́n sì gba ife lẹ́ẹ̀mẹta léra, láti 1983 sí 1985. Gbogbo eré tí ò ń gbádùn lónìí, ibẹ̀ ló ti gba ọ̀nà.

Ní ti ìyà rẹ̀, a jẹ ẹ́. Inú bọ́ọ̀sì la ń sùn lóru, ilẹ̀ gbọ̀ngàn iléèwé la ń sùn bí a bá ráyè, oòrùn July sì ń lù wá láti àárọ̀ di alẹ́. Ètè mi á wú, á bẹ́, n ó sì tún gbé fèrè sí i lọ́jọ́ kejì. Òfin kò gba ẹni tó bá ti kọjá ọdún 21, nítorí náà ní August gbogbo ọdún, àwọn kan wà tí wọ́n mọ̀ pé àwọn kò ní wọ aṣọ yẹn mọ́ láéláé. Bí wọ́n ṣe ń fọn fèrè lálẹ́ ọjọ́ yẹn yàtọ̀. Ẹgbẹ́ pàápàá ń kú. 27th Lancers ti Revere, Massachusetts, gba ipò kejì ní 1980, ní 1986 ni wọ́n túká. Ó dùn mí títí dòní.

Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ Amẹ́ríkà lo wà, fi fídíò sílẹ̀ ná. Má sì fi àṣekágbá Indianapolis bẹ̀rẹ̀. Lucas Oil Stadium ni wọ́n ti ń ṣe é láti 2009, òrùlé ibẹ̀ sì máa ń da ìró pọ̀. Wá ìdíje ìta gbangba kan ní ìparí June tàbí July, ní pápá iléèwé girama tí kò tóbi, níbi tí ìjókòó ti sún mọ́ pápá. Ra tíkẹ́ẹ̀tì iwájú, ní àárín gbùngbùn. Tí ẹgbẹ́ àwọn àgbà tó ṣì ń fọn fèrè G bá wà lára àwọn tó fẹ́ ṣeré, má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tiwọn.