Kóró róòsì tí ó kọ̀ tí kò hù

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Róòsì ẹnu ọ̀nà ilé wa so èso róbótó pupa. Mo sá kóró inú rẹ̀ sóòrùn, mo kó o sínú ìgò fún oṣù mẹ́rin kí n tó gbìn ín. Oṣù méjì rèé, kò hù. Àbúrò mi tí ó wà ní Kánádà ní ìta gbangba ni òun gbin tòun sí kí yìnyín tó bo ilẹ̀, ó sì hù. Ṣé kóró tèmi ti kú ni?
Òǹkàwé yín, Ìsọ̀kùn, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìfaradà, mà. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé oorun ni ó ń sùn. Ilẹ̀ olótùútù ni ọ̀pọ̀ irú róòsì ti ṣẹ̀ wá, bí kóró wọn bá sì yára hù kété tí ó bọ́ sílẹ̀, òtútù yóò pa ọmọ rẹ̀. Nítorí náà ni ó ṣe máa ń dúró títí òtútù yóò fi kọjá lórí rẹ̀. Ilẹ̀ tútù tí ó sì rin ni ó jí ti àbúrò yín. Inú ìgò yín gbẹ, kò sì tutù. Ọyẹ́ tiwa náà kò lè ṣe é, gbígbẹ ni ó ń gbẹ nǹkan.

Fíríìjì ni ẹ ó fi ṣe ìgbà òtútù tiyín. Bí èso mìíràn bá pọ́n, ẹ là á, kí ẹ fọ ara èso náà kúrò lára kóró pátápátá, nítorí ó wà lára ohun tí kì í jẹ́ kí ó hù. Ẹ rin tíṣù, ẹ fún un dáadáa, ẹ fi wé kóró náà, ẹ kó o sínú ọ̀rá, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára. Ibi tí ẹ ń kó ẹ̀fọ́ sí ni kí ó wà, ní ìwọ̀n 1 sí 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 12. Fírísà kọ́ ni mo wí o: kóró tí ó bá dì gbagidi kò ní jí níbẹ̀. Ní ti iná tí ó ń lọ, ẹ kó omi ọ̀rá tí ó ti dì sí ìtòsí rẹ̀, ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn láìnídìí.

Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Bí tíṣù bá bu, ẹ fọ kóró náà, kí ẹ pààrọ̀ tíṣù. Èyí tí ẹ bá rí gbòǹgbò funfun tín-ín-rín lẹ́nu rẹ̀, ẹ gbìn ín lójú ẹsẹ̀, ní ìwọ̀n sẹ̀ntímítà 1 sínú ilẹ̀ tí kì í dá omi dúró, lábẹ́ ibòòji. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni yóò hù, èyí tí ó hù sì lè má jọ ìyá rẹ̀ rárá. Bí ó bá jẹ́ òdòdó ẹnu ọ̀nà yẹn gan-an ni ẹ fẹ́, ẹ̀ka ni èmi yóò gé gbìn ní tèmi.

Àwọn tí ẹ ti gbìn ńkọ́? Ẹ hú wọn, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ wọ́n wò. Èyí tí ó bá ṣì le, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ gbé òun náà lọ sínú fíríìjì.