Mísáìlì láti ẹnu àgbá táǹkì: ẹ wo ibi tí ọ̀tá lè sá sí kí ẹ tó yìn ín

Ẹnìkan béèrè pé, nígbà tí mísáìlì tí táǹkì Rọ́ṣíà ń yìn láti ẹnu àgbá rẹ̀ lè dé kìlómítà 5, kí ló dé tí wọn ò kúkú fi òun nìkan jà? Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó sídìí àgbá táǹkì Rọ́ṣíà méjì, T-72B àti T-80U, nínú eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣàfarawé ogun táǹkì, mísáìlì yìí sì ti já mi kulẹ̀ títí mo fi mọ ìwà rẹ̀. Àkókò tó ń gbà lójú ọ̀nà ni wàhálà rẹ̀.

Ọfà irin tí táǹkì fi ń lu táǹkì ẹgbẹ́ rẹ̀ lè rin nǹkan bíi mítà 1,700 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ọ̀tá bá wà ní kìlómítà 2, kò ní rí àyè sá. Mísáìlì 9M119, èyí tí àwọn táǹkì méjèèjì yìí ń yìn, ò yá tó bẹ́ẹ̀ rárá: kìlómítà 4 máa ń gbà á ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 12. Ní gbogbo àkókò yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ gbé àmì inú awò tí ẹ fi ń wo ọ̀tá kúrò lára rẹ̀. Ẹ ò lè yin òmíràn, ẹ ò lè wo ibòmíràn. Bí ọ̀tá bá kó sẹ́yìn òkè, tàbí tó tú èéfín bo ara rẹ̀, mísáìlì ti ṣòfò nìyẹn. T-72B tilẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró sójú kan kó tó lè yìn ín. T-80U lè yìn ín lórí ìrìn.

Ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀tá ni mísáìlì náà ń wò. Rárá o! Ìdí rẹ̀ ni ojú rẹ̀ wà, táǹkì tó yìn ín ló ń wò. Táǹkì ń tan ìtànṣán lésà síwájú, mísáìlì sì ń fò láàárín ìtànṣán náà. Bó bá yà díẹ̀, ó mọ apá ibi tó yà sí, á sì dá ara rẹ̀ padà. Ọgbọ́n yìí wù mí gan-an. Nítorí pé ẹ̀yìn ló kọjú sí, iná tí ọ̀tá ń tàn láti fi ṣi mísáìlì lọ́nà kò ràn án. Ìtànṣán náà kò sì lágbára bíi ti lésà tí a fi ń wọn jíjìn, nítorí náà ó ṣòro fún ẹ̀rọ ọ̀tá láti tètè fura sí i.

LAHAT, mísáìlì ti Ísírẹ́lì tí táǹkì náà ń yìn láti ẹnu àgbá, yàtọ̀ sí èyí. Iwájú ni tirẹ̀ ń wò, ìmọ́lẹ̀ lésà tó ta padà lára ọ̀tá ló ń tọ̀, ẹlòmíràn sì lè bá yín tan lésà náà láti ibòmíràn. Ó lè dé kìlómítà 8. Mísáìlì Shillelagh ti Amẹ́ríkà ti ṣáájú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe lésà ló ń darí rẹ̀, kò sì ṣeé darí bí ọ̀tá bá sún mọ́ ju nǹkan bíi mítà 730 lọ.

Báyìí ni mo ṣe ń lò ó. Mo máa ń wá ibi tí mo ti lè rí pápá tó tẹ́jú gbalasa, kí òkè kékeré bo ìsàlẹ̀ táǹkì mi. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, àgbá á tu eruku sókè bo awò. Nígbà náà, ẹ yan ọ̀nà tí mísáìlì fi ń fò ga ju ojú awò lọ, kó tó sọ̀ kalẹ̀ nítòsí ọ̀tá. Ẹ má kó o púpọ̀ jù, ààyè 22 péré ló wà nínú ẹ̀rọ tó ń ki ọta sí àgbá T-72B, gbogbo irú ọta ló sì ń pín in lò. Mẹ́rin tó fún mi. Hẹlikọ́pítà tó dúró sójú kan lófuurufú ni mo fẹ́ràn jù láti fi lù, lẹ́yìn náà ni táǹkì tó ti kọjá kìlómítà 3. Bí kò bá tó kìlómítà 2, ọfà irin ni.

Táǹkì tó ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí kan á ti rin mítà 100 kí mísáìlì tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti kìlómítà 4. Torí náà, kí ẹ tó tẹ bọ́tìnì, ẹ wo mítà 100 tó wà níwájú rẹ̀. Bí igbó tàbí ilé bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọjá wọn ná.