Kọ̀ǹpútà tuntun tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì: nọ́ńbà IP rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ká ní kọ̀ǹpútà tuntun mẹ́wàá lẹ tò sí ọ́fíìsì, mẹ́fà ń ṣiṣẹ́, mẹ́rin ò rí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ switch kan náà (àpótí tí wáyà gbogbo kọ̀ǹpútà ti ń pàdé) ni gbogbo wọn so mọ́. Ẹ má tíì pa Windows rẹ́ láti tún un gbé sí i o. Nọ́ńbà IP tó wà lórí ẹ̀rọ, ìyẹn àdírẹ́sì rẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ni yóò sọ ibi tó ti ń dùn ún fún yín.

Kó tó kan nọ́ńbà, ẹ wo iná ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, níbi tí wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti wọlé. Tí kò bá tàn rárá, ẹ yọ wáyà ara ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi sínú eléyìí. Bó bá tàn, wáyà àkọ́kọ́ tàbí port (ihò wáyà) tó wọ̀ lórí switch ló ti bàjẹ́. Orí RJ45 tí wọ́n tẹ̀ mọ́ wáyà ní ọ́fíìsì ni mo máa ń fura sí jù. Okùn tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú wáyà yẹn. Ìkíní, ìkejì, ìkẹta àti ìkẹfà tó fún ìyára 100 Mbps, ṣùgbọ́n gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni 1 Gbps (1000 Mbps) ń fẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ kan fi lè rí íntánẹ́ẹ̀tì tí yóò sì máa fà bí ìgbín. Tí Windows bá kọ 100 síbi ìyára nẹ́tíwọ́ọ̀kì (Link speed) dípò 1000, ẹ gé orí náà kúrò, ẹ tẹ òmíràn mọ́ ọn.

Tí iná bá ń tàn, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá kọ ipconfig /all. Ìlà mẹ́ta lẹ ń wá: IPv4 Address (nọ́ńbà IP ẹ̀rọ náà), Default Gateway (nọ́ńbà router, àpótí tó so ọ́fíìsì mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì) àti DNS Servers (àwọn tó ń sọ nọ́ńbà tó wà nídìí orúkọ bíi google.com). Ẹ ṣe é lórí ẹ̀rọ kan tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú, kí ẹ fi wọ́n wé ara wọn.

Nọ́ńbà tó bá fi 169.254 bẹ̀rẹ̀ túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà béèrè lọ́wọ́ router, kò rí ẹni dá a lóhùn, ló bá fún ara rẹ̀ ní ọ̀kan. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ rí lórí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìyí, ẹ wọ inú ètò router lọ síbi DHCP, ohun tó ń pín nọ́ńbà IP fún àwọn ẹ̀rọ. Bí wọ́n bá ní kó máa pín láti 192.168.1.100 dé 192.168.1.120, nọ́ńbà 21 péré nìyẹn. Fóònù àwọn òṣìṣẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, tẹlifíṣọ̀n yàrá ìpàdé, gbogbo wọn ló ń gbà nínú rẹ̀. Àwọn tó bá dé kẹ́yìn ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sún òpin rẹ̀ dé .200, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ rí i pé kò sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan tí wọ́n ti fọwọ́ kọ nọ́ńbà fún láàárín ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ padà sí cmd lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kọ ipconfig /release, kí ipconfig /renew tẹ̀ lé e.

Bí àwọn yòókù bá ń lo 192.168.1 tí ọ̀kan sì ń lo 192.168.0, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti ki router mìíràn bọ switch láti fi ṣe Wi-Fi, kí òun náà sì máa pín nọ́ńbà. Ẹ pa DHCP tirẹ̀. Àìsàn yìí máa ń tan ènìyàn jẹ, torí ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ láàárọ̀ lè má ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án: router tó bá kọ́kọ́ dáhùn ló ń gbà.

Tó bá jẹ́ pé ara kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ti ṣe ẹ̀dà Windows sí àwọn tó kù, ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà tí wọ́n fọwọ́ kọ ló bá a wá. Ẹ tún tẹ Windows pẹ̀lú R, ẹ kọ ncpa.cpl, ẹ ṣí Properties nẹ́tíwọ́ọ̀kì wáyà náà, ẹ ṣí IPv4, kí ẹ yan Obtain an IP address automatically. Ẹ yí orúkọ kọ̀ǹpútà náà padà pẹ̀lú.

Nọ́ńbà dára, síbẹ̀ ojú ìwé ò ṣí? Nínú cmd, ẹ ping gateway (ẹ kọ ping àti nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá yóò dáhùn), lẹ́yìn náà 8.8.8.8 (nọ́ńbà DNS Google), lẹ́yìn náà google.com. Bí 8.8.8.8 bá dáhùn tí google.com kò dáhùn, DNS ni. Ṣùgbọ́n bí ọ́fíìsì yín bá ní server (kọ̀ǹpútà àpapọ̀) tí gbogbo ènìyàn ń gbà wọlé sórí kọ̀ǹpútà wọn, ẹ má fi 8.8.8.8 ṣe DNS sórí kọ̀ǹpútà kankan. Nọ́ńbà server yẹn ni kó wà níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì á ṣí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ò ní mọ ibi tí server wà.

Ẹ má fojú fo aago náà. Bí ọjọ́ àti aago tó wà lórí kọ̀ǹpútà kò bá tọ̀nà, ìkìlọ̀ ààbò ni browser yóò máa gbé jáde ṣáá. Tó bá sì tún yí padà lẹ́yìn tí ẹ pa á tí ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná, ẹ pààrọ̀ bátìrì CR2032 inú rẹ̀.