Ṣé dandan ni kí àwọ̀ yọ tán kí ẹ̀rọ tó ka omi?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Wọ́n fẹ́ ta ẹ̀rọ kan fún wa níbi tí a ti ń yẹ omi kànga ẹ̀rọ wò. Inú rọ́bà tín-ín-rín ni omi ń gbà kọjá, iye náítíréètì, èròjà inú omi tó léwu fún ọmọ ìkókó bó bá pọ̀ jù, sì ń jáde kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Àwọ̀ tí kẹ́míkà ń mú jáde nínú omi, tí a máa ń dúró dè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò lè yọ tán láàárín àkókò yẹn. Ṣé èsì náà kì í ṣe irọ́? Olùtajà náà ní kò nílò omi òṣùwọ̀n kankan, ìyẹn omi tí a ti mọ iye náítíréètì inú rẹ̀.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni pé àwọ̀ náà kò tíì yọ tán, ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó yọ tán, ó sì ti sú mi láti máa gbọ́ pé dandan ni lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀. Ẹ̀rọ tí Leonard Skeggs gbé jáde fún yíyẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1957 ń fi afẹ́fẹ́ gé omi inú rọ́bà sí wẹ́wẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ aláìsàn kan má baà dà pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn. Ní ọdún 1975, Ruzicka àti Hansen, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ní Denmark, yọ afẹ́fẹ́ náà kúrò: wọ́n ń ta ìwọ̀n omi kékeré kan sínú omi tó ń ṣàn, wọ́n sì ń kà á bó ṣe ń kọjá, ìbáà jẹ́ pé àwọ̀ rẹ̀ kò tíì gbó. Bí ẹ bá se iṣu mẹ́wàá tó dọ́gba, tí ẹ sì yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún géérégé, kò sí èyí tó jinná nínú wọn, síbẹ̀ ibì kan náà ni gbogbo wọn dé.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ olùtajà yín fi burú. Níwọ̀n bí àwọ̀ kò ti yọ tán, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà gbé jáde kò ní ìtumọ̀ kankan àfi tí omi òṣùwọ̀n bá gba inú rọ́bà kan náà kọjá lọ́jọ́ náà gan-an. Bí iná bá lọ tí ooru yàrá yí padà, tàbí tí rọ́bà tó ń fa omi ti gbó, gbogbo ìṣirò àná ti bàjẹ́. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń lo cadmium, irin kan, láti sọ náítíréètì di èròjà mìíràn tí wọ́n ń pè ní náítíráìtì, ẹ máa fi omi òṣùwọ̀n tó ní iye kan náà ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gba inú ẹ̀rọ náà, kí ẹ sì fi èsì méjèèjì wé ara wọn. Bí èsì ti náítíréètì bá kéré sí ti náítíráìtì, cadmium inú rẹ̀ ti ń rẹ̀. Májèlé ni cadmium, ẹ má ṣe da ìdọ̀tí rẹ̀ sí gọ́tà.

N kò rí ẹ̀rọ náà, n kò sì lè jẹ́rìí sí i. Bí èsì omi kan bá súnmọ́ mílígíráàmù 50 nínú lítà kan, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ṣe ààlà fún náítíréètì, ẹ jẹ́ kí ibòmíràn tún un yẹ̀ wò kí ẹ tó sọ fún ìdílé tó ní ọmọ ìkókó pé kò séwu. Bí olùtajà náà kò bá gbà kí ẹ fi omi òṣùwọ̀n tí ẹ̀yin fúnra yín pò dán ẹ̀rọ náà wò lójú rẹ̀, ẹ má sanwó.