Eku inú ihò àti kòkòrò orí awọ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ọmọ mi kà á fún mi lórí fóònù pé wọ́n pe ìjọba Faransé lẹ́jọ́ nítorí eku kan tó ń gbẹ́ ihò, hamster, tó fẹ́ parun. Ìyàwó mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì sì ní kòkòrò àìfojúrí kún ọwọ́ mi, kí n máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dànù. Ṣebí ẹ̀dá Ọlọ́run làwọn méjèèjì? – Àgbẹ̀ kan, Ìjerò-Èkìtì

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ oko, Bàbá. Bàọ́lọ́jì ni mo fi kọ́ ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì l'Adó, ìbéèrè yín sì dùn mọ́ mi.

Kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus epidermidis wà lára gbogbo wa. Níléèwé, a máa ń ní kí ọmọ fi ìka tẹ àgárì, oúnjẹ kòkòrò tó dì bí ẹ̀kọ, nínú abọ́ pẹlẹbẹ. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, àmì funfun kéékèèké á ti hù síbi tí ìka kàn. Gbogbo kòkòrò tó wà nínú àmì kan, ẹyọ kan ṣoṣo ló lè bí wọn! Ọṣẹ ń kó díẹ̀ lọ, àwọn tó sá sínú ihò irun á tún bí sí i. Ẹ má sì kórìíra rẹ̀: ó ń bá wa lé kòkòrò burúkú. Ìgbà tó bá gba ojú rọ́bà tí wọ́n kì bọ aláìsàn lára wọlé ló ń di wàhálà.

Hamster kò ní irú ọrọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí òkété wa ló ṣe ń fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kó ọkà wọ ihò, ìyẹn làwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ fi ń dẹ pàkúté fún un láyé àtijọ́, tí wọ́n tún ń fi awọ rẹ̀ ṣe ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ni oko àgbàdo gba ilẹ̀ Alsace, agbègbè tí eku náà ń gbé ní Faransé. Àwọn onímọ̀ ní Strasbourg, ìlú kan níbẹ̀, fi àgbàdo bọ́ ọ, ìyá bá ń pa ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí jẹ! Fítámì B3, èròjà aṣaralóore kan, ni kò tó o. Nígbà tí wọ́n fún un, ó tọ́ ọmọ rẹ̀. Lọ́dún 2020, àjọ IUCN tó ń rí sí ìdáàbòbò ẹ̀dá lágbàáyé ní bí nǹkan bá ń lọ báyìí, ó lè parun tó bá fi máa di 2050.

Nítorí náà, ẹ fọwọ́ yín dáadáa, ìran kòkòrò yẹn kò ní parẹ́. Ní ti ẹjọ́, ọdún 2011 ni Ilé Ẹjọ́ Yúróòpù dá Faransé lẹ́bi. Lójú tèmi, wọn ò ṣàṣejù. Ó yẹ kí wọ́n ti pè é ṣáájú ìgbà yẹn.