AC tó ń gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti gíà tó ń lọ́ra: èwo ni kí n kọ́kọ́ tún ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹńjiníà. Obìnrin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí ní Òmù-Àrán. Toyota Camry ọdún 1999, oní-2.2, ni mò ń wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Pẹ́nsù Láìtì. Bí mo bá ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo tí mo ń bọ̀ ní Ìlọrin, AC rẹ̀ á máa tutù dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti kó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Gáréèjì Ọ̀fà, afẹ́fẹ́ gbígbóná ni yóò máa fẹ́ sí mi lójú. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn ni gíà náà ti bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Láàárọ̀ kò sí ìyọnu, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wà á jìnnà nínú oòrùn, tí mo wá fi sí D, yóò dákẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá méjì tàbí mẹ́ta kó tó gbá mi síwájú. Nígbà mìíràn tí mo bá ń gun òkè, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo, ọkọ̀ kò sì ní fà. Oní-AC ní kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti kú. Oní-gíà ní kí n lọ ra gíà tòkúnbọ̀. Owó ọwọ́ mi kò ká méjèèjì. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnáwó ọkọ̀, ìyá wa. Ẹ má tíì ra ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ló fi ọ̀nà hàn mí: AC ń tutù nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, gíà kì í sì í yọ yín lẹ́nu láàárọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ tutù. Kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ tó ti kú kò lè mú afẹ́fẹ́ tutù ní Ìdófìán kó wá kú ní Gáréèjì Ọ̀fà. Ìgbà tí ooru bá pọ̀ ni àìsàn méjèèjì ń jáde, nítorí náà iwájú ọkọ̀, níbi tí fáànù àti rédíétọ̀ wà, ni mo fẹ́ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú gíà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí wọ́n ṣe so pọ̀. Iṣẹ́ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ni láti fún gáàsì pọ̀ títí yóò fi gbóná gan-an. Gáàsì gbígbóná yìí á wá gba inú kọ̀ńdẹ́ńsà kọjá, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó rí bí àwọ̀n tó wà níwájú pátápátá, kí atẹ́gùn lè gba ooru lára rẹ̀ kó sì di olómi. Bí ọkọ̀ bá ń sáré lójú títì, eré náà fúnra rẹ̀ ló ń mú atẹ́gùn wá. Bí ọkọ̀ bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ẹ̀yìn kọ̀ńdẹ́ńsà yìí gan-an ni rédíétọ̀ wà, ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ Camry yín sì ni páìpù kékeré méjì láti ara gíà wọ̀, kí ọ́ìlì gíà lè máa gba ibẹ̀ kọjá, kí omi rédíétọ̀ sì máa gba ooru lára rẹ̀. Fáànù kan tó kú, tàbí kọ̀ńdẹ́ńsà tí ekuru ọyẹ́ ti dí, lè tipa bẹ́ẹ̀ da AC àti gíà láàmú lẹ́ẹ̀kan náà, kí oníṣẹ́ méjì sì sọ ọ́ ní orúkọ méjì.

Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ gbóná, kí ó dúró sórí P, kí ẹ tan AC, kí ẹ sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Fáànù méjì ló wà níbẹ̀, méjèèjì ló sì gbọ́dọ̀ máa yí nígbà tí AC bá ń ṣiṣẹ́. Bí ọ̀kan bá dúró, tàbí tó ń yí bí ẹni tí oorun ń kùn, ẹ ti mú olè náà. Ẹ jẹ́ kí rìwáyà yẹ fíúsì, rílè (ìyẹn suìṣì kékeré tó ń gbé iná fún fáànù) àti fáànù náà fúnra rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ẹ má gbà fún un láti so fáànù mọ́ bátìrì ní dáírẹ́ẹ̀tì kó sì sọ pé iṣẹ́ ti parí. Àṣà yẹn wọ́pọ̀ ní ìlú wa, kò sì wù mí rárá, torí pé ńṣe ló ń bo àléébù rílè tàbí sẹ́ńsọ̀ mọ́lẹ̀ títí di ọjọ́ tí fáànù yóò jóná.

Èkejì ni àyẹ̀wò omi, èmi fúnra mi sì fẹ́ràn rẹ̀ ju géèjì tí oní-AC fi ń wọn agbára gáàsì lọ. Bí AC bá ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ gbígbóná nígbà tí ọkọ̀ dúró, ẹ bu omi sínú ike kékeré, kí ẹ dà á díẹ̀díẹ̀ sójú kọ̀ńdẹ́ńsà láti iwájú, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọwọ́ yín dé ibi tí fáànù ń yí. Bí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí tutù láàárín ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, gáàsì wà níbẹ̀, kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ yín sì wà láàyè. Atẹ́gùn ni kò tó. Ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sí àárín kọ̀ńdẹ́ńsà àti rédíétọ̀, torí ibẹ̀ ni ekuru, kòkòrò àti ọ̀rá ń há sí, tí ẹni tó ń wo ọkọ̀ láti iwájú kò lè rí i. Omi jẹ́jẹ́ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́, láti ẹ̀yìn síwájú. Ẹ̀rọ alágbára tí àwọn afọkọ̀ ń lò máa ń tẹ àwọn ewé irin náà, atẹ́gùn kò sì ní rí ọ̀nà gbà mọ́.

Bí omi kò bá yí nǹkan kan padà, nígbà náà ni kí oní-AC gbé géèjì rẹ̀ jáde. Gáàsì R-134a ni ọkọ̀ yín ń lò. Nínú ooru bíi 35°C, apá kékeré (ibi tí gáàsì ti ń wọ kọ̀ńpúrẹ́sọ̀) máa ń wà láàárín nǹkan bí 30 sí 45 PSI lórí géèjì, apá ńlá (ibi tó ti ń jáde) sì máa ń wà ní nǹkan bí 200 sí 275 PSI. Bí méjèèjì bá lọ sílẹ̀, gáàsì ń jò, kí ó wá ibi tó ń jò kó tó rọ òmíràn sí i. Bí apá kékeré bá ga jù tí apá ńlá sì lọ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni mo máa gbà pé kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ ti rẹ̀. Bí apá ńlá bá kọjá 300 nígbà tí ọkọ̀ dúró, tó sì ń wálẹ̀ bí ẹ ṣe ń da omi, a tún ti padà sídìí fáànù.

Ní ti gíà, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń wo ọ́ìlì rẹ̀ bí ẹni ń wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n á pa ọkọ̀ kí wọ́n tó fa ọ̀pá géèjì yọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Camry yín. Ẹ wa ọkọ̀ títí yóò fi gbóná, ẹ gbé e sí ibi tó tẹ́jú, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ gíà kọjá gbogbo ipò rẹ̀ kí ẹ dá a padà sí P, kí ẹ́ńjìnnì sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹ ṣe ń fa ọ̀pá náà yọ. Ẹ nù ún, ẹ tì í padà, ẹ tún fà á. Àárín àmì méjèèjì tí wọ́n kọ HOT sí ni ọ́ìlì gbọ́dọ̀ dé. Tí kò bá dé ibẹ̀, àìtó ọ́ìlì nìkan lè mú kí gíà máa lọ́ra lórí D, kí ẹ wá ibi tó ń jò.

Ẹ wá wo àwọ̀ rẹ̀ lórí aṣọ funfun. Bó bá pupa tó sì mọ́, ọkàn mi balẹ̀. Bó bá ti di bíi tíì tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ooru ti bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ìrètí ṣì wà: ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u dànù láti ìsàlẹ̀, bíi lítà méjì ààbọ̀ ni yóò jáde, èyí tí kò tó ìdajì gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ọ́ìlì gíà tí wọ́n ń pè ní Dexron III ni kí wọ́n lò. Gíà A140E tó wà nínú ọkọ̀ yín tún ní àyè ọ̀tọ̀ fún dífà (ibi tó ń pín agbára gíà fún táyà méjèèjì), tí ọ́ìlì rẹ̀ kò pa pọ̀ mọ́ ti gíà; ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í rántí rẹ̀, ẹ bi tiyín bóyá ó wò ó. Bí ọ́ìlì bá dúdú tó sì ní èérún irin tàbí ẹrẹ̀ dúdú nínú, pípààrọ̀ rẹ̀ kò ní gbà á là mọ́, ẹni tó ní kí ẹ ra gíà kò sì parọ́. Èyí tó burú jù ni bó bá dà bí ìgbà tí wọ́n po zobo mọ́ wàrà: omi rédíétọ̀ ti dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíà nìyẹn, kí ẹ má sì wa ọkọ̀ náà dé ibì kankan, kí wọ́n fà á lọ.

Nǹkan méjì kéékèèké kù. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni ọkọ̀ ń gbá gìrì nìkan láìlọ́ra, ẹ́ńjìnnì síìtì, ìyẹn rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìnnì dúró, tó já lè fà á. Bákan náà, ẹ béèrè bóyá ẹnì kan ti yọ tẹ́mósítáàtì (ohun kékeré tó ń darí bí omi ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná) kúrò, torí mẹkáníìkì wa kò lè rí i kí wọ́n má yọ ọ́. Bí omi kò bá gbóná tó, gíà yìí kì í wọ òfàdíráìfù (O/D), ìyẹn gíà tó ga jù lọ, ẹ́ńjìnnì á sì máa pariwo lójú ọ̀nà bíi pé gíà ló bàjẹ́. Bí iná O/D OFF bá ń ṣẹ́jú fúnra rẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ àléébù sílẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sìkánà kà á kí ẹnikẹ́ni tó tú nǹkan kan.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún fáànù ṣe tí ẹ sì ti fọ iwájú ọkọ̀, ẹ pa AC fún ìrìn àjò kan láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, kí ẹ tan án fún èkejì, kí ẹ sì kọ iye ìgbà tí gíà lọ́ra sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lọ́ra ní ọjọ́ tí AC wà ní títàn nìkan, ooru iwájú ọkọ̀ ṣì pọ̀ jù, rédíétọ̀ sì ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá yàtọ̀ rárá, tí ọ́ìlì sì ti dára, inú gíà ni àléébù wà, ẹ lè máa tọ́jú owó rẹ̀. Tí ẹ bá padà wá rà á, ẹ ra rédíétọ̀ tuntun pẹ̀lú rẹ̀. Oníbàárà mi kan láti Ọ̀fà kọ̀ láti ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo èérún tí gíà àtijọ́ fi sílẹ̀ nínú rédíétọ̀ ló tú sínú tuntun, kò sì lo oṣù mẹ́ta kó tó padà wá bá mi.